Ibi tí àmì ìdọ́gba (=) ti wá

Ìlà méjì tá a máa ń fà tá a bá ń ṣe ìṣirò yìí, àsọtúnsọ tó sú èèyàn ló bí i o. Ọmọ Tenby ní Wales ni Robert Recorde, dókítà ni àmọ́ ìṣirò ló wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ẹ́. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan yìí àti tọ̀hún dọ́gba, ṣe ni wọ́n á kọ ọ́ jáde lọ́rọ̀, wọ́n á tún kọ ọ́, wọ́n á tún kọ ọ́, títí tó fi sú bọ̀dá wa. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1557 ló bá ní kóun má bàa máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá, òun á fa ìlà ìbejì tó gùn bákan náà, torí kò sí nǹkan méjì tó tún lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tiẹ̀ gùn ju tiwa lọ dáadáa. Ìṣirò tó kọ́kọ́ fi ṣe, báa bá kọ ọ́ bí ti ìsìnyí, 14x + 15 = 71 ni (ẹ bá mi ṣe é, 4 ni x).

Ìbejì yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín, torí lọ́dọ̀ wa, ta ló máa sọ pé Táyé àti Kẹ́hìndé dọ́gba tí Kẹ́hìndé ò ní bínú, ṣebí òun lẹ̀gbọ́n tó ní kí Táyé lọ tọ́ ayé wò.

Àwọn èèyàn ò tètè gba àmì Recorde yìí ṣá. Ní 1558 Recorde kú sẹ́wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀n, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tí ọlọ́lá kan pè é ti kó o sí wàhálà, wọ́n ní kó san £1,000, àmì rẹ̀ náà bá sùn lọ fọnfọn, ó di 1618 kó tó tún yọjú nínú ìwé. Ní Faransé, Viète tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ń fi ìlà méjì yẹn ṣe nǹkan míì, Descartes, onímọ̀ ìṣirò bíi tiẹ̀, náà lo àmì tiẹ̀ ní 1637. Lójú tèmi Newton àti Leibniz ló parí ẹ̀, àwọn ọ̀gá ìṣirò méjì tó ń jà lórí ta ló kọ́kọ́ ṣe calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà), síbẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń lo =, ta ló kù tó máa jiyàn?

Àfi kọ̀ǹpútà o. Ní 1957, irínwó ọdún géérégé, Fortran, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, dé, = ò wá sọ pé "dọ́gba" mọ́, "gbé eléyìí sínú tọ̀hún" ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí x = x + 1 (ìyẹn, fi 1 kún x, kó o gbé e padà sínú x) ò fi ya àwọn tó ń kọ code lẹ́nu. Nínú C, èdè kọ̀ǹpútà míì, tí wọ́n bá fẹ́ béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ==.