Kí ló dé tí pósítà ìwádìí tó mọ́ kedere lójú kọ̀ǹpútà fi ń di bàìbàì lórí ìwé?

Ìbéèrè: Canva, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń ṣe pósítà, ni mo fi ṣe pósítà ìwádìí mi fún àpérò. Ó mọ́ lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A0, fọ́tò inú rẹ̀ di bàìbàì, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ rekete. Ṣé torí pé ìwọ̀n A4 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. A4 kọ́ ló fà á. Bákan náà ni ìbú ṣe rí sí gígùn lára gbogbo ìwé A: A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297, A0 jẹ́ 841 sí 1189. Tí ẹ bá sọ ọ̀kan di èkejì, nǹkan kan kò ní wọ́.

Ọ̀rọ̀ yín mọ́ torí pé fáìlì PDF tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ń tọ́jú ìrísí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bó ti wù kó tóbi tó, etí rẹ̀ á gún. Fọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀. Píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ tín-ín-tìn-ín, ló kó jọ, iye píksẹ́lì náà kì í sì í pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń nà án. Ká ní fọ́tò yín ní píksẹ́lì 1200 ní ìbú, ó tó fún ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. Ẹ wá nà án kan etí méjèèjì A0, tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 33: píksẹ́lì bíi 36 péré ló máa bọ́ sí íǹṣì kan. 300 làwọn atẹ̀wé máa ń fẹ́. Fún pósítà tí èèyàn ń wò láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, 150 náà ṣe é mú lò.

WhatsApp náà máa ń dá kún un, torí ó ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín bíi Document. Tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ jáde ní Canva, PDF Print ni kí ẹ mú, kì í ṣe PDF Standard.

Ìbéèrè: Àmì ohùn inú àkọlé mi ń fò kúrò lórí lẹ́tà ńkọ́?

Ìdáhùn: Fọ́ńtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ yàn, ló fà á. Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní kóòdù kan ṣoṣo fún á àti fún ẹ, àmọ́ kò ní ti ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì la ń so pọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe ò mọ ibi tó yẹ kí àmì náà jókòó sí. Noto Sans mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ fọ́ńtì, ẹ má yọ àmì. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lèyí, ó yẹ ká kọ èdè wa pé.

Ìbéèrè: Báwo ni ọ̀rọ̀ inú pósítà ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Díẹ̀. Lọ́dún 2019, Mike Morrison, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà nígbà náà, dábàá pé kí àbájáde ìwádìí wà láàárín pósítà ní lẹ́tà gàdàgbà, ní ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Dípò “Àyẹ̀wò Ipò Omi Kànga”, ẹ kọ ohun tí ẹ rí gan-an: “Kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá ni kòkòrò pọ̀ sí jù.” Ẹ fi QR code sí igun kan fún ẹni tó bá fẹ́ ka ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.