Ọmọ Ìlú Náà Gbọ́dọ̀ Tọrọ Àyè

Bí ọmọ Kétu, ìlú Yorùbá kan ní orílẹ̀-èdè Benin, bá ti yunifásítì dé, tó ní òun fẹ́ ṣe ìwádìí nílé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni: “Ọmọ wa ni, kí ló tún fẹ́ béèrè?” Àwọn olùkọ́ mìíràn náà ní tiwọn: wọ́n ní ẹ̀yìn ará ilé rẹ̀ ni yóò gbè sí. Ibi kan náà lọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣẹ̀ wá: wọ́n gbà pé ẹni tí a bí sínú nǹkan ti mọ̀ ọ́n tán.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí mo ń wá ìtàn ogun Dàhòmì tó fọ́ Kétu ní 1886, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, mo ní kí wọ́n tún ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún wa lálẹ́ sọ. Ìyá wo fóònù, wọ́n wò mí. “Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò sọ ọ́ fún ìwé.”

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ọmọ lórí ẹní, ọmọ náà kò tíì gba àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ìgbà yẹn ni Ìyá dárúkọ àwọn méjì tí ogun kó lọ láti agboolé wa. Láti kékeré mi, n kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa la ń wo Ẹ̀fẹ̀, eré orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lóru, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ Ìyálásẹ̀, obìnrin tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í ṣe ti gbogbo ọmọ Kétu.

Ní ti gbígbè sẹ́yìn ẹni, ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ìlú tí ààlà òyìnbó gé kúrò lára ilẹ̀ Kétu sí Nàìjíríà. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976, ó fi ìjọba Faransé wé ti Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn èèyàn rẹ̀. Ó tú ìwé ìjọba, ó sì bi àwọn àgbà.

Linda Tuhiwai Smith, onímọ̀ tó jẹ́ ọmọ Māori, àwọn onílẹ̀ New Zealand, ti kọ ọ́ ní 1999 pé olùwádìí tó jẹ́ ọmọ ilé ni yóò máa bá àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ gbé lójoojúmọ́. Àlejò á wọ ọkọ̀, á lọ.

Kí n tó fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo kà á fún Ìyá. Wọ́n ní kí n yọ orúkọ kan, nítorí ẹbí ẹni náà ló wà lẹ́yìn ọgbà wa. Mo yọ ọ́.