Bí bọ́ọ̀dù kòkó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tí obì ò fi ní bọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àwọn èèyàn mi ní Rẹ́mọ ò ní fẹ́ gbọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ń sọ pé kí ìjọba padà máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ bíi tayé Awólọ́wọ̀, mo máa ń bi wọ́n pé ta ló sọ fún yín pé ayé ìgbà yẹn rọ àgbẹ̀ lọ́rùn?

Ogun ló bí bọ́ọ̀dù, ìyẹn àjọ ìjọba tó nìkan ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó sì ń dá iye lé e. Kí ogun tó dé, ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó tó ń ra kòkó, UAC wà níbẹ̀, Cadbury wà níbẹ̀, fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn ò ní máa du kòkó mọ́ kí owó ẹ̀ má baà wọ́n, làwọn àgbẹ̀ Gánà bá ti kòkó wọn mọ́lé, wọ́n ní àwọn ò tà. Ìlú Ọba rán ìgbìmọ̀ wá, ìgbìmọ̀ bẹnu àtẹ́ lu àwọn oníṣòwò yẹn. Ó dáa. Kò pẹ́ ni ogun Hitler bẹ́ ní 1939, ìjọba wá ní òun nìkan lòun á máa ra gbogbo kòkó apá ibí, ẹ wá wo ọgbọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán náà ni wọ́n tún gbéṣẹ́ fún pé kó máa bá wọn rà á, kálukú bí ìpín ẹ̀ ṣe tó tẹ́lẹ̀. Ogun parí ní 1945, bọ́ọ̀dù ò parí. 1947 ó di ti Nàìjíríà, 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Àlàyé wọn dùn létí ṣá. Tí kòkó bá wọ́n lágbàáyé a ó bá yín yọ díẹ̀ pamọ́, tó bá wálẹ̀ a ó fi dí i fún yín. Èsúsú nìyẹn àbí? Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gba èsúsú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó lọ́jọ́ tí yóò kàn ẹ́, o sì mọ ilé ẹ̀. Lẹ́yìn ogun kòkó ń wọ́n sí i, wọ́n ń yọ, wọ́n ń yọ, wọ́n sì ń fi owó náà ra ìwé gbèsè ìjọba Ìlú Ọba, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ tó ń fi oko dógò nílé ló ń yá Lọ́ńdọ̀nù lówó. Peter Bauer, ọmọ Hungary kan tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé ní Cambridge, kọ ọ́ síwèé ní 1954 pé owó orí lásán lèyí, kì í ṣe ìfipamọ́ kankan. Inú àwọn aláṣẹ ò dùn sí i.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Màmá mi jẹ nínú ẹ̀, mi ò lè fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Àmọ́ ọ̀fẹ́ wo? Owó kòkó wà nínú ẹ̀, bó ṣe wà nínú Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965. Kí wọ́n ṣáà pe orúkọ ẹni tó sanwó.

Ẹ wá wo obì. Àbàtà ni tiwa látayébáyé, òun la fi ń bọ nǹkan, òun la fi ń ṣe ìgbéyàwó. Gbànja wá láti apá Gánà, Gonja gan-an lorúkọ ẹ̀ ti wá, òun làwọn Haúsá fẹ́ràn. Nígbà tí rélùwéè dé Kánò ní 1912, àwọn àgbẹ̀ Agége àti Rẹ́mọ rí i pé ọjà ti là, wọ́n gbìn ín bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Òyìnbó kì í jẹ obì, torí náà kò kà á sí, kò sí bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó ń dá iye lé e láti Ìbàdàn.

Ìyá àgbà mi ń ta gbànja ní Ṣágámù. Yóò da obì sílẹ̀ lórí ẹní, yóò ṣa funfun sọ́tọ̀ torí òun ló lówó lórí, èyí tí kòkòrò bá ti lu, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀, yóò wá tẹ́ ewé tútù sínú apẹ̀rẹ̀ kó má baà gbẹ. Alhaji tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Sábó á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ lọ tààrà, ó mọ̀ pé òkè ni Ìjẹ̀bú máa ń to èyí tó dáa sí, ìyá náà á ní, "Alhaji, ṣé èmi náà lo tún ń wò báyìí?" Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúnàá dúrà. Bí owó obì bá sì já lulẹ̀, ó já lulẹ̀ nìyẹn, mi ò ní purọ́ pé kì í já, ọdún kan wà tó sunkún lórí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé Ìjẹ̀bú mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí Òyìnbó tó wá ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, àwa náà la dí ọ̀nà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba orí wa kọjá lọ ta ọjà fún Èkó. Bọ́ọ̀dù tiwa nìyẹn, nígbà tó jẹ́ àwa là ń jẹ ẹ́ kò sẹ́ni tó pè é ní ìwà ìbàjẹ́.

1986 ni Babangida tú bọ́ọ̀dù ká. Gánà ò tú tiwọn ká, ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lágbàáyé, iye tí bọ́ọ̀dù fún àgbẹ̀ wọn kò tó ìdajì ẹ̀, ni kòkó wọn bá ń gba inú igbó sọdá bọ́dà lóru.