Títún pátákó mítà ọkọ̀ ológun àtijọ́ ṣe

Pátákó mítà ni páànù tó wà níwájú awakọ̀, tí wọ́n to mítà, bọ́tìnnì iná àti àwo àkọlé sí. Títún ti ọkọ̀ ológun àtijọ́ ṣe ni dídá a padà sí bó ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yà ara tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá, kí mítà kọ̀ọ̀kan sì tún máa sọ òótọ́. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló sábà ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Jíìpù Amẹ́ríkà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Willys-Overland àti Ford ṣe ju 600,000 lọ láàárín 1941 sí 1945, ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Mítà márùn-ún ló wà lójú rẹ̀: ti eré, tó ń ka máìlì dé 60, ti epo, ti agbára ọ́ìlì, ti ooru omi, àti èyí tó ń fi hàn bóyá iná ń wọ bátìrì tàbí ó ń jáde. Iná 6 fólítì ni jíìpù yìí ń lò. M38 tó tẹ̀ lé e ń lo 24, nítorí náà ẹni tó bá yọ mítà epo jíìpù àkọ́kọ́ dè mọ́ M38 bẹ́ẹ̀ yóò jó o. Ti Kübelwagen, ọkọ̀ ológun kékeré àwọn ará Jámánì nígbà ogun yẹn, kìlómítà ni mítà eré rẹ̀ ń kà, kì í ṣe máìlì.

Kì í ṣe gbogbo mítà ló ń fi iná ṣiṣẹ́. Nínú mítà ọ́ìlì, ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì ká kọrọdọ. Bí ọ́ìlì bá ti í láti inú, á fẹ́ nà, ìnà yẹn ló sì ń gbé ọwọ́ mítà. Eugène Bourdon, ará Faransé, ló gba ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yìí ní 1849. Ti ooru omi ní orí kan tó wọnú ẹ́ńjìnnì àti okùn bàbà tín-ín-rín tó so ó mọ́ mítà, pẹ̀lú ohun olómi tó ń di oru nínú wọn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ojúlówó ti ń ṣòfò: ẹni tó ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ á rò pé wáyà lásán ni, á sì gé e. Láti ìgbà náà mítà ti kú, àfi bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá tún ohun olómi rọ sí i, tó sì dí i pa.

Mítà eré gba sùúrù jù. Kébù tó ti gíá wá ń yí òòfà kan nínú ife alumíníọ̀mù. Òòfà kò kan ife náà rárá, síbẹ̀ ó ń fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀, sípíríǹgì tó rí bí irun sì ń dá a dúró. Otto Schulze ní Jámánì ló gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1902. Bí gírísì àtijọ́ bá ti gan, ọwọ́ mítà á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Fífọ gírísì yẹn kúrò máa ń tó láti wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣí mítà, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀. Rédíọ̀mù ni wọ́n fi kun nọ́ńbà àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ mítà ológun kí ó lè tàn lóru. Ohun tó ń mú un tàn máa ń kú láàárín ọdún díẹ̀, àmọ́ rédíọ̀mù fúnra rẹ̀ ń lo ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Nítorí náà mítà tí kò tàn mọ́ ṣì ń tú ìtànṣán olóró jáde. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, láti 1917 ń fi ẹnu ṣe ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán ni kí a fi yẹ mítà wò. Bí ẹ̀rọ náà bá dún ju bó ṣe ń dún níbòmíràn lọ, kí a má ha mítà náà, kí a má fi sáńpépà nù ún, kí a má sì ṣí i nílé. Eruku rẹ̀ ni ewu tó burú jù. Kò sí ojúlówó tó tó èèyàn fi ẹ̀mí wéwu fún.

Mítà tí kò ní rédíọ̀mù, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú rẹ̀. Omi tàbí pẹtiróòlù lè ká nọ́ńbà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ páànù kò gba ìfojúwọ̀n: bí a bá yọ mítà kúrò, a sábà máa ń rí òrùka ọ̀dà àkọ́kọ́ ní àyíká ihò, níbi tí oòrùn àti búrọ́ọ̀ṣì àwọn tó tún un kùn kò dé. Òun ni kí a fi wé ọ̀dà tuntun. Wáyà tí wọ́n fi òwú hun lára máa ń gbó títí á fi já. Wáyà òde òní tí wọ́n fi òwú bò ló dára jù láti fi rọ́pò rẹ̀.

Àríyànjiyàn wà lórí bó ṣe yẹ kí pátákó náà tuntun tó. Àwọn kan fẹ́ kó máa dán bí ọjọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́, àwọn mìíràn fẹ́ kí ojú tí nǹkan ti ha àti ọ̀dà tó ti wọ́ ṣì hàn, torí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni àwo àkọlé, èyí tó ń sọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún ológun. Àwo àfarawé tí a bá kọ nọ́ńbà àdábọwọ́ sí yóò ṣi ẹni tó ra ọkọ̀ náà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni dídá iye máìlì padà sí òdo.

Kí a tó de mítà ọ́ìlì padà, ó yẹ kí a fi afẹ́fẹ́ tí a mọ agbára rẹ̀ dán an wò lórí tábìlì, kí a sì ká okùn bàbà tó ń gbé ọ́ìlì wá sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má bàa já a.