Mọ́ọ̀fù: Ẹyẹ Kan, Àwọ̀ Méjì

Bí omi bá fà, tí ẹrẹ̀ etí ọ̀sà sì hàn síta, ẹyẹ kan wà tó máa ń wá jẹun níbẹ̀, láti Mauritania títí dé Gabon, etíkun tiwa náà kò sì gbẹ́yìn. Ó jọ lékeléke, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dúdú bí aṣọ tó wọ aró léraléra. Ọ̀fun rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń funfun. Ọ̀fun yìí ni Bosc, onímọ̀ nípa ẹ̀dá kan ará Faransé, wò ní ọdún 1792 tó fi sọ ọ́ ní gularis, nítorí gula ni wọ́n ń pe ọ̀fun lédè Látìn. Egretta gularis ni orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rúni lójú ni ìgbà tí ẹ bá rí òmíràn tó funfun báláú. Ẹ ó ní ẹyẹ mìíràn ni. Rárá o, ẹyẹ kan náà ni. Dúdú lè gun funfun, kí wọ́n sì jọ pamọ. Irú ìyàtọ̀ àwọ̀ tí ọmọ jogún lára òbí báyìí, láàárín ẹ̀yà kan ṣoṣo, ni à ń pè ní mọ́ọ̀fù. Ẹ ṣáà ti rí ewúrẹ́ tó bí ìbejì rí, tí ọ̀kan dúdú, tí èkejì funfun.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ìbátan rẹ̀ kan, Egretta caerulea, wà ní Amẹ́ríkà: ọmọ rẹ̀ a máa funfun, bó bá dàgbà tán, a di aláwọ̀ aró. Ìyẹn kì í ṣe mọ́ọ̀fù, ìdàgbà ni.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dúdú ló pọ̀ jù; funfun ṣọ̀wọ́n. Apá Òkun Pupa lọ sí Íńdíà ni funfun ti wọ́pọ̀. Nítorí náà, ẹ má yára pariwo bí ẹ bá rí funfun, ó lè jẹ́ Egretta garzetta, ìbátan rẹ̀. Èmi kì í fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ti garzetta tín-ín-rín, ó gún, ó sì dúdú. Ti gularis ki jù ú lọ, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì sábà máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ wo ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú: a máa sáré nínú omi, a máa na ìyẹ́, bó ti ń lé ẹja àti akàn kiri.

Bí dúdú bá sì fò, tí ẹ rí àbàwọ́n funfun lápá rẹ̀, ẹ má kà á sí ẹ̀yà kẹta. Òun náà ṣì ni.