Kí ẹ tó gun alùpùpù nílẹ̀ òkèèrè, ẹ wo ìwé ìnṣọ́ránsì yín

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ra ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí físà ni wọ́n ṣe ń rà á. Ẹ́ḿbásì ló ní kí wọ́n mú un wá. Fún físà Ṣẹ́ńgẹ̀n, èyí tí a fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, òfin ní iye tí ìwé náà lè san kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò, kó sì kan ìtọ́jú pàjáwìrì, ilé ìwòsàn àti gbígbé aláìsàn tàbí òkú padà sílé. Bí ìwé bá ti jáde, wọ́n á kì í bọ fáìlì, ó tán. Wọn kì í ka ojú ìwé tí wọ́n kọ “Exclusions” sí, ìyẹn àwọn ohun tí ìnṣọ́ránsì náà kò ní sanwó lé lórí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn wà.

Ẹ jẹ́ ká mú alùpùpù. Ta ni kò mọ̀ ọ́n gùn nílùú wa? Ọmọ tó ti ń gun ọ̀kadà láti Tákìé lọ sí LAUTECH, bó bá dé Zanzibar tó rí èyí tí wọ́n ń fi háyà fún àlejò, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá wá ṣubú tí itan rẹ̀ ṣẹ́, ohun tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa kọ́kọ́ béèrè ni láísẹ́ńsì alùpùpù. Ti mọ́tò nìkan kò tó. Wọ́n á béèrè bóyá ó dé akoto, ẹni tí ó gbé sẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n á wo ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé kì í kọjá 125 cc. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gùn tó, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá ń ṣàlàyé èyí fún ẹbí ẹni tó ti wà lórí ibùsùn.

Olùkọ́ obìnrin kan fẹ́ lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi gùn ún, mi ò ní so okùn kankan. Kí ló léwu níbẹ̀?” A jọ ṣí ìwé rẹ̀. Mítà 4,000 ni wọ́n ti dúró, orí òkè náà sì jẹ́ mítà 5,895. Ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn fẹ́lẹ́, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ lè wú. Kí wọ́n tètè gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ ni ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù, ó sì lè jẹ́ hẹlikọ́pítà ni wọ́n máa fi gbé e, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ó fi owó kún owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀, wọ́n sì kọ gíga náà sínú ìwé tuntun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àwọn tó fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú àgbá atẹ́gùn, ẹ béèrè ìjìnlẹ̀ tí wọ́n gbà. Àwọn kan kì í kọjá mítà 30, wọ́n á sì ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí wá. Ẹ má sì wọ bàálù lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ lo ìsinmi, iṣẹ́ agbára ní wíà-háùsì tàbí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé kì í sábà sí nínú ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ẹ kì í kà á sí ewu rárá. Bí ènìyàn bá sì mutí yó kó tó ṣèṣe, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í san kọ́bọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà lórí ímeèlì, kí wọ́n fi ímeèlì dá yín lóhùn. Kí owó sì wọlé kí ẹ tó gbéra, nítorí lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìnṣọ́ránsì tí a kò tíì sanwó rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí NAICOM, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ímeèlì yẹn lẹ máa fi ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ẹnì kan sọ fún yín lórí fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.