"Ó kàn wá" ló ń gé iṣẹ́ aṣòfin kúrú l'Ékìtì

Àga 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì, l'Ádó. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16, mẹ́wàá ń yan aṣòfin méjì-méjì, mẹ́fà tó kù ń yan ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 25, tó ka ìwé mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà kalẹ̀, lè díje. Bí wọ́n ṣe ń polongo ìbò, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé òfin ò dá iye ìgbà tí aṣòfin lè padà wọlé. Gómìnà ni kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Aṣòfin lè lo 20 ọdún bí àwọn tó ń ṣojú fún bá ṣì fẹ́ ẹ. Níbi púpọ̀, ìlú ló ń dá a dúró. Bí ọdún mẹ́rin bá ti ń parí lọ, ìlú kejì á ti máa sọ pé, "Ó kàn wá." Ẹgbẹ́ á sì gbà, torí wọn ò fẹ́ kí ìlú kankan bínú.

Ó jọ bí àwọn ìdílé ọlọ́ba ṣe ń gba oyè lọ́wọ́ ara wọn. Ọgbọ́n wà ńbẹ̀: kì í jẹ́ kí ìlú ńlá gbá ìlú kékeré sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọba tó bá kàn, títí tó fi máa wàjà ló wà lórí ìtẹ́. Ohun tó kọ́ lọ́dún márùn-ún àkọ́kọ́, ìlú á jẹ àǹfààní rẹ̀ pẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ní kí ọba sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kí ìdílé kejì lè gùn ún. Ìjọba ìbílẹ̀ Iléjeméje ní ìlú méje àti àga kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé ó ń yí ká ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, ìlú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó á dúró ọdún 24 kó tó tún kàn án.

Inú àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké ni iṣẹ́ aṣòfin wà gan-an, ibẹ̀ náà ni ìpalára tí "Ó kàn wá" ń ṣe ti ń hàn jù. Nígbà ìṣúná, kọmíṣọ́nnà á jókòó níwájú wọn. Títì kan wà nínú ìwé, owó wà níwájú rẹ̀. Aṣòfin tuntun á béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá a lóhùn, ó parí. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn á rántí bí títì yìí kan náà bá ti wà nínú ìwé ọdún yẹn, tòun ti owó tirẹ̀. Á ní kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí owó àkọ́kọ́ wọlé sí.

Òfin pẹ̀lú ń fẹ́ ẹni tó rántí. Èyí tí Èkìtì ṣe ní 2011 lòdì sí ìwà ipá tó jẹ mọ́ akọ àti abo, 2019 ni wọ́n tún un ṣe. Ilé tó ṣe ti àkọ́kọ́ ti tú ká láti 2015.

Lóòótọ́, akọ̀wé ilé àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í bá àwọn aṣòfin lọ, wọ́n sì mọ ìtàn gbogbo ìwé tó wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ò lè dìbò, kò sì sẹ́ni tó yàn án pé kó bá òun bi kọmíṣọ́nnà léèrè ọ̀rọ̀.